Ohùn Irin àti Etí Ẹni: Àyẹ̀wò Ìpẹtà Inú Ọ̀pá àti Táǹkì Gẹ́gẹ́ Bí Ọ̀rọ̀ Tí Ó Kan Èdè Yorùbá

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Bí ọ̀rọ̀ irin ṣe rí gan-an nìyẹn. Ọ̀pá omi, ọ̀pá epo, táǹkì inú ilẹ̀ ilé epo, àgbá gáàsì àti irin pẹlẹbẹ tí a fi ṣe ìdí ọkọ̀ ojú omi, gbogbo wọn ni ìpẹtà ń jẹ láti ara wọn wá. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé a lè yí ewé ẹ̀fọ́ padà kí a wo ẹ̀yìn rẹ̀. A kò lè la ọ̀pá tí epo ń gba inú rẹ̀ kọjá láti wo bí inú rẹ̀ ṣe rí. Ọ̀dà ara rẹ̀ lè máa dán gbinrin, kí ohun tí ó kù nínú irin náà má ju ìnípọn páálí lọ.

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń gbà mọ bí irin ṣe nípọn sí láìlà á, èyí tí í ṣe lílo ìró tí etí ọmọ ènìyàn kò lè gbọ́. Èrò wa ni pé ìmọ̀ yìí kò gbọdọ̀ jẹ́ ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan mọ́. Ó yẹ kí ẹni tí ó ń gbé nítòsí ọ̀pá, ẹni tí ó ní ilé epo, ajórin tí ó ń ṣe táǹkì ní ẹ̀gbẹ́ títì, àti akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò di olùkọ́ lọ́la, mọ ohun tí ó jẹ́, ní èdè tí wọ́n fi ń ronú.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ló kan olùkọ́ Yorùbá kan ìpẹtà? Ìdáhùn wa ni pé nígbà tí ọ̀pá bá bẹ́, kì í béèrè èdè tí ẹni tí ó wà nítòsí ń sọ kí ó tó jó o.

Ohun tí ìpẹtà ń ṣe

Irin kì í fẹ́ wà ní ipò irin. Láti inú erùpẹ̀ àti òkúta ni a ti yọ ọ́, iná ni a sì fi yọ ọ́. Bí afẹ́fẹ́ àti omi bá ti kàn án, ó tún fẹ́ padà di erùpẹ̀. Ìyẹn ni a ń pè ní ìpẹtà, tí àwọn mìíràn ń pè ní dídóògún. Gbogbo ẹni tí ó bá ti gbàgbé àdá sí oko ní ìgbà òjò ni ó mọ̀ ọ́n. Iyọ̀ máa ń mú un yára, ìdí nìyí tí irin tí ó wà ní etí òkun, bíi ti Èkó àti Bádágìrì, fi máa ń tètè bàjẹ́ ju ti ilẹ̀ Èkìtì lọ. Epo rọ̀bì pàápàá kì í dá rìn nínú ọ̀pá: omi àti oríṣiríṣi èéfín máa ń bá a rìn. Omi yìí wúwo ju epo lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ọ̀pá ni ó máa ń tòrò sí. Ìdí nìyí tí ọ̀pá kan fi lè le dáadáa ní òkè kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti di ajẹkù.

Oríṣi ìpẹtà méjì ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀. Èkíní ni èyí tí ó ń jẹ gbogbo ojú irin lọ ní ọgbọọgba, bí ìgbà tí ọṣẹ ń tán lọ́wọ́ ẹni tí ó ń fọṣọ. Èyí kò le jù láti mọ̀. Èkejì ni ìpẹtà oníhò, tí yóò fi gbogbo ojú irin sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, tí yóò sì máa gbẹ́ ojú kan ṣoṣo wọlé títí yóò fi lu irin náà já. Ihò tí kò tóbi ju orí ìṣó lọ ti tó láti da epo sínú kànga àdúgbò kan.

Ọ̀nà kẹta tún wà tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn: bí oríṣi irin méjì tí kò bá ara wọn mu bá fara kan ara wọn nínú ilẹ̀ tí ó tutù, ọ̀kan yóò máa jẹ èkejì. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Guadalajara ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò ní ọjọ́ 22, oṣù kẹrin, ọdún 1992 nìyẹn. A rí i pé ọ̀pá omi tí a fi síńkì bò ti kan ọ̀pá epo bẹntiróòlù nínú ilẹ̀. Ibẹ̀ jẹrà, epo sì ń ṣàn sínú gọ́tà abẹ́ ilẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ti ń gbóòórùn epo láti ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, wọ́n sì ti ń sọ ọ́. Nígbà tí ó bú gbàmù, òpópónà tí ó gùn tó kìlómítà púpọ̀ ni ó là sí méjì, ẹ̀mí tí ó sì lé ní 200 ni ó ṣòfò.

Bí a ṣe ń fi ìró wọn irin

Kì í ṣe ohun àjèjì sí àwọn baba àti ìyá wa pé kí a fi ohùn mọ àbùkù. Bí obìnrin bá lọ ra ìkòkò lọ́wọ́ àwọn amọ̀kòkò Ìsàn-Èkìtì, kò ní í gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Yóò fi ìka kàn án, yóò sì tẹ́tí. Ìkòkò tí ó pé yóò dún gooro. Èyí tí ó ti sán yóò dún bí ẹni tí òtútù mú, bí ojú kò tilẹ̀ rí ibi tí ó ti sán. Alágbẹ̀dẹ náà mọ irin tí ó dára nípa bí ó ṣe ń dáhùn sí òòlù. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí ni pé ohùn ń rìn nínú ohun tí ojú kò lè wọ̀, ó sì ń mú ìròyìn padà bọ̀.

Ọgbọ́n kan náà ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mú gùn sí i. Etí ènìyàn ń gbọ́ ìró tí ó ń gbọ̀n láti ìgbà 20 sí ìgbà 20,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àdán lè gbọ́ ọ, àwa kò lè gbọ́ ọ. A ó pè é ní ìró àkọjá-etí nínú àpilẹ̀kọ yìí. Èyí tí a ń lò fún irin sábà máa ń gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù 2 sí mílíọ̀nù 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohun tí ó ń pèsè rẹ̀ ni òkúta tàbí amọ̀ àkànṣe kan, tí ó máa ń gbọ̀n bí a bá fi iná mànàmáná kàn án, tí ó sì máa ń mú iná mànàmáná díẹ̀ jáde bí ìró bá padà wá gbá a. Àwọn ọmọ ìyá méjì, Jacques àti Pierre Curie, ni wọ́n ṣàwárí irú òkúta bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 1880. Ní òpin àwọn ọdún 1920, Sergei Sokolov ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà dá a lábàá pé a lè fi ìró àkọjá-etí wá àbùkù inú irin. Ní 1942, Floyd Firestone ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tí ń rán ìró lọ, tí ó sì ń dúró de gbohùngbohùn rẹ̀.

Irinṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ń gbé kalẹ̀ lórí irin kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ. A lè pè é ní ẹnu-òun-etí, nítorí òun náà ni ó ń sọ̀rọ̀, òun náà ni ó sì ń gbọ́ èsì. Kí a tó gbé e kalẹ̀, a ó ha ìdọ̀tí kúrò lójú irin, a ó sì fi ìpara, òróró tàbí omi sí i. Ìpara yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí afẹ́fẹ́ tín-ín-rín bá wà láàrin ẹnu-òun-etí àti irin, ìró náà kò ní í wọlé. Ojú afẹ́fẹ́ ni yóò ti ṣẹ́rí padà. Bí ó bá ti wọlé, yóò rìn títí yóò fi dé ẹ̀yìn irin, níbi tí irin parí sí, yóò sì padà bí gbohùngbohùn àpáta.

Ìṣirò tí ó kù kò ju ti ọmọ ilé-ìwé girama lọ. Ìró ń rìn nínú irin ní nǹkan bíi mítà 5,900 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú afẹ́fẹ́, kò ju nǹkan bíi mítà 340 lọ. Bí irin bá nípọn tó mìlímítà 10, àlọ àti àbọ̀ ìró jẹ́ mìlímítà 20, yóò sì gbà á ní nǹkan bí ìdá 3.4 nínú mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ó bá jẹ́ 2.4 ni ẹ̀rọ kà dípò 3.4, a mọ̀ pé irin tí ó kù níbẹ̀ kò ju mìlímítà 7 lọ. Ìpẹtà ti jẹ 3. Kò sí ẹni tí ó lu ọ̀pá náà, kò sí ẹni tí ó dá epo inú rẹ̀ dúró.

Wíwọ̀n lẹ́ẹ̀kan kò tó. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ojú kan lára táǹkì kan jẹ́ mìlímítà 12 ní 2014, tí ó sì jẹ́ 10 ní 2024. Mìlímítà 2 ni ó lọ ní ọdún 10, ìyẹn ìdá 0.2 lọ́dún. Bí òfin táǹkì náà bá ní kò gbọdọ̀ dín ní 7, ọdún 15 ni ó kù. Ọlọgbọ́n kò ní í dúró de ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún. Kí ìdajì ọdún yẹn tó pé ni yóò ti padà lọ wọ̀n ọ́n, nítorí ìpẹtà kò bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀ pé òun kò ní í yára. Nípa èyí, ìwé tí a kọ iye àná sí ṣe pàtàkì bí ẹ̀rọ tí a fi wọn ti òní. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá sọ ìwé yẹn nù ti sọ ìtàn irin rẹ̀ nù.

Fún ọ̀pá tí ó gùn tí a rì mọ́lẹ̀, ẹnìkan kò lè máa wú ilẹ̀ káàkiri. Inú ọ̀pá ni a máa ń rán ẹ̀rọ gbà. Àwọn òṣìṣẹ́ epo ń pè é ní pig, ìyẹn ẹlẹ́dẹ̀. Epo tàbí gáàsì inú ọ̀pá ni ó máa ń tì í lọ, bí ó sì ti ń lọ ni yóò máa wọn ara ọ̀pá yíká. Níbi tí epo tàbí omi bá kún inú ọ̀pá, ìró àkọjá-etí ni ọ̀pọ̀ ń lò. Nínú ọ̀pá gáàsì tí kò sí omi tí yóò gbé ìró náà wọ irin, agbára òòfà ni a sábà máa ń lò dípò rẹ̀.

Ibi tí ẹ̀rọ pin sí

A kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀rọ yìí di òrìṣà. Ó ní ibi tí ó ti lè ṣi ènìyàn lọ́nà, ẹni tí kò bá sì mọ ibẹ̀ lè fọwọ́ sí ikú ara rẹ̀. Bí irin bá gbóná, ìró máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí a kò bá tún òṣùwọ̀n rẹ̀ ṣe yóò kà á bí ẹni pé irin náà nípọn ju bí ó ṣe rí lọ. Ọ̀dà tí ó nípọn lè fi kún iye náà bákan náà. Èyí tí ó burú jù ni ti irin tí ó ti fẹ́lẹ́ gan-an. Gbohùngbohùn àkọ́kọ́ lè ti yára padà jù kí ẹ̀rọ tó ṣí etí. Èkejì ni yóò wá gbọ́, yóò sì sọ ìnípọn náà di ìlọ́po méjì. Irin tí ó ku mìlímítà 2 yóò wá jẹ́ 4 lójú ẹ̀rọ. Ibi tí ewu pọ̀ sí jù ni ẹ̀rọ náà ti ń tu ènìyàn nínú. Òṣìṣẹ́ tí a kọ́ dáadáa yóò mọ̀, nítorí yóò wo bí ìró náà ṣe ń fò lójú ẹ̀rọ, kì í ṣe nọ́ńbà nìkan.

Ìṣòro tí ó tún tóbi ju èyí lọ ni ti ibi tí a gbé ẹ̀rọ lé. Ní ọjọ́ 6, oṣù kẹjọ, ọdún 2012, ọ̀pá kan bẹ́ ní ilé ìfọpo Chevron ní ìlú Richmond, ní ìpínlẹ̀ Califóníà ní Amẹ́ríkà. Òṣìṣẹ́ 19 ni ó wà nínú èéfín náà, orí ni ó yọ wọ́n. Nǹkan bí ènìyàn 15,000 láti àdúgbò ni ó lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ìwádìí ìjọba fi hàn pé imí-ọjọ́ inú epo gbígbóná ni ó ti jẹ ọ̀pá náà títí ó fi fẹ́lẹ́. Kì í ṣe pé wọn kò wọn ọ̀pá yẹn rí. Wọ́n ń wọ̀n ọ́n ní àwọn ojú kan tí wọ́n ti yàn, ṣùgbọ́n apá tí ó bẹ́ kò sí lára ibi tí wọ́n yàn, bẹ́ẹ̀ irin apá náà ni kò ní èròjà tí ó yẹ kí ó ní láti kọ ìpẹtà. Ẹ̀rọ sọ òótọ́ nípa gbogbo ibi tí wọ́n bi í léèrè. Wọn kò bi í ní ibi tí ó yẹ.

Ohun tí ojú wa ti rí nílé

A ní láti sọ òótọ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àjálù ọ̀pá epo ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ìpẹtà ni ó fà á. Ní Abúlé-Ẹ̀gbá ní Èkó, ní ọjọ́ 26, oṣù kejìlá, ọdún 2006, àwọn olè ni wọ́n lu ọ̀pá, àwọn tí ó wá gbọ́n epo níbẹ̀ ni iná sì pa, wọ́n lé ní 200. Ní Ìjẹgun, ní ọjọ́ 15, oṣù karùn-ún, ọdún 2008, katakata tí ó ń la ọ̀nà ni ó kọlu ọ̀pá. Kò sí ẹ̀rọ ìró tí ó lè dá olè tàbí katakata dúró.

Ṣùgbọ́n ewu wà nínú àṣà kí a máa di gbogbo ẹ̀bi ru olè. Ní Bódò, ní ilẹ̀ Ogóni ní ìpínlẹ̀ Rivers, epo tú jáde lẹ́ẹ̀mejì ní 2008 láti inú ọ̀pá Trans-Niger, ó sì ba odò àti ẹ̀bá odò tí àwọn apẹja fi ń jẹun jẹ́. Àbùkù ọ̀pá fúnra rẹ̀ ni ó fà á. Ilé-iṣẹ́ Shell gbà ní 2011 pé òun ni yóò dáhùn fún un. Lẹ́yìn ẹjọ́ ní London, wọ́n fẹnu kò ní oṣù kìíní ọdún 2015 pé Shell yóò san mílíọ̀nù 55 owó pọ́ùn fún àwọn ará Bódò. Owó tí yóò gbà láti wọn ọ̀pá náà kí ó tó jò kò lè súnmọ́ iye yẹn rárá.

Ọ̀pá epo tí ó ti Atlas Cove ní Èkó lọ sí Mósímì ní ẹ̀bá Ṣágámù, tí ó sì gba ibẹ̀ dé Ìbàdàn àti Ìlọrin, ti lo ju ogójì ọdún lọ nínú ilẹ̀. Àárín àwa Yorùbá ni ó gbà. Ọ̀pá gáàsì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìtokí ní ìpínlẹ̀ Ògùn, gba Bádágìrì wọ inú òkun, ó sì ń bù fún Kutọnu, Lomé, Tema àti Takoradi. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 678. Ní 2020, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2025, àwọn tí ó ń bójú tó o dín gáàsì kù kí wọ́n lè rán ẹlẹ́dẹ̀ gba inú rẹ̀, láti fọ̀ ọ́ kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Iná mànàmáná dín kù ní Gánà ní àkókò náà, àwọn ènìyàn sì ráhùn. Ní tiwa, ìráhùn yẹn sàn ju ẹkún lọ. Ó sì dára pé wọ́n kéde rẹ̀ ṣáájú. Irú ìkéde bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó máa dé etí àwọn ará Ìtokí àti Bádágìrì ní èdè wọn.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀pá epo ńlá kò kọjá ní Ìgèdè-Èkìtì, kí ló wá kàn wá? Ẹ jẹ́ kí ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ títì tí ó ti Adó-Èkìtì gba Ìyìn àti Ìgèdè lọ sí Àrámọkọ, kí ó ka ọkọ̀ agbépo tí yóò kọjá ní wákàtí kan. Táǹkì ẹ̀yìn ọkọ̀ wọ̀nyẹn, irin ni. Táǹkì abẹ́ ilẹ̀ àwọn ilé epo tí ó wà ní àárín ilé àwọn ènìyàn, irin ni púpọ̀ nínú wọn. Bí wọ́n bá jò, kànga ni epo yóò kọ́kọ́ bá lò. Àgbá ńlá tí a fi ń ta gáàsì ìdáná, irin ni, gáàsì tí ó ń ti ara rẹ̀ síta ni ó sì wà nínú rẹ̀. Omi ẹ̀rọ pàápàá, tí àwọn àgbà rántí pé ó ń yọ ní ojúlé nígbà kan, inú ọ̀pá irin ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà. Ìgbà tí àwọn ọ̀pá wọ̀nyí jẹrà nínú ilẹ̀, omi tí a fi owó ńlá fọ̀ ń ṣòfò sínú erùpẹ̀, ìdọ̀tí sì ń gba ojú ihò wọlé. Lẹ́yìn náà ni a wá ní àwọn ajórin wa. Irin tòkúnbọ̀ ni wọ́n sábà ń rà, ọ̀dà tuntun ni a sì ń fi bo ìpẹtà àtijọ́. Ẹni tí ó ra táǹkì náà kò mọ̀ bóyá mìlímítà 6 ni òun ra tàbí 3.

Ibi tí èdè Yorùbá ti wọ ọ̀rọ̀ yìí

Iṣẹ́ ńlá ti wáyé lórí kí èdè Yorùbá lè sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀. Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìpín kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú ìpín kejì ní 1990, ni ó fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ gírámà àti lítíréṣọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Láìsí iṣẹ́ yẹn, ìwé àtìgbàdégbà irú èyí kò bá má ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sí ilé iṣẹ́ ajórin kò rí nǹkan mú níbẹ̀. A ní ọ̀rọ̀ fún mófíìmù àti fóníìmù, a kò ní ọ̀rọ̀ kan tí a fẹnu kò sí fún irin tí ó ń fẹ́lẹ́ láti inú.

Àwọn kan yóò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ẹnjiníà fi ń ṣiṣẹ́, pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé ẹ̀rí wọn, nítorí náà àṣedànù ni kí a máa wá Yorùbá fún iṣẹ́ wọn. Òótọ́ wà nínú èyí. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí ìpele kìíní, ìkejì tàbí ìkẹta nínú iṣẹ́ àyẹ̀wò yìí gbọ́dọ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, a kò sì sọ pé kí ó má gbọ́ ọ. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹnjiníà nìkan kọ́ ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Baálẹ̀ tí ọ̀pá gba ilẹ̀ rẹ̀, ìyá tí ó ń pọn omi ní kànga ẹ̀yìn ilé epo, àti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ajórin, àwọn ni iná yóò kọ́kọ́ kàn. Bí a bá ka ìwé àyẹ̀wò sí wọn létí ní èdè tí wọn kò gbọ́, a kò tíì sọ fún wọn. Àwọn ará Guadalajara gbóòórùn epo kí ọ̀gá kankan tó gbà. Imú wọn ṣiṣẹ́ ṣáájú ẹ̀rọ. Ohun tí ó sọnù ni ọ̀nà tí ohùn wọn ì bá fi dé ibi tí agbára wà.

Bákan náà, kì í ṣe àbá tí a kò dán wò rí ni pé Yorùbá lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, títí kan sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Gẹ̀ẹ́sì wọn pàápàá kò ṣàìdára. Ó dunni pé ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, pé kí a fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni ìjọba kan náà fagi lé ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Bí ìjọba bá ti kúrò níbẹ̀, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ẹrù náà já lé lórí. A kò ní láti gba àṣẹ Àbújá kí a tó wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí ó ń jẹ irin.

Àbá

Àkọ́kọ́, kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀rọ jókòó pọ̀, kí wọ́n pe àwọn ajórin àti àwọn tí ń ṣe ọ̀pá omi sí ìjókòó náà, kí a sì kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn fúnra wọn ń lò. A ti dá àbá díẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí: ìró àkọjá-etí, ẹnu-òun-etí, ìpara, gbohùngbohùn, ìpẹtà oníhò. Bí àwọn oníṣẹ́ bá ní èyí tí ó sàn jù, kí a ju tiwa nù. Ọ̀rọ̀ tí a kò bá lò ní ibi iṣẹ́ kò níí pẹ́ kú sínú ìwé.

Ìkejì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá máa gba irú iṣẹ́ yìí ṣe. Àkójọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ajórin ní Ìgèdè tàbí ní Adó wúlò bí àkójọ ẹkún ìyàwó.

Ìkẹta, kí àwọn ilé iṣẹ́ Rédíò tí ó ń sọ Yorùbá ní Èkìtì ya àkókò sọ́tọ̀ fún ìlànilọ́yẹ̀ lórí táǹkì, ọ̀pá àti àgbá gáàsì, kí oníṣẹ́ ẹ̀rọ àti onímọ̀ èdè jọ wà lórí ètò náà.

Ìkẹrin, kí ìjọba sọ ọ́ di dandan pé ilé epo tàbí ibùdó gáàsì tí ó wà láàrin ìlú gbọ́dọ̀ lẹ àbájáde àyẹ̀wò rẹ̀ mọ́ ibi tí gbogbo ènìyàn lè kà á, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì: ọjọ́ tí a wọ̀n ọ́n, ibi tí a wọ̀n, ohun tí ó kù níbẹ̀, àti ohun tí kò gbọdọ̀ dín sí.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ti ṣe àlàyé bí ìpẹtà ṣe ń jẹ irin láìhàn sójú, bí a ṣe ń fi ìró àkọjá-etí mọ̀ ọ́n, ibi tí ọgbọ́n náà pin sí, àti ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ nílé àti lẹ́yìn odi níbi tí a kò ti wọ̀n tàbí tí a ti wọn ibi tí kò yẹ. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. A ti gba ẹ̀rọ wọn. Ó kù kí a gba ìmọ̀ inú rẹ̀ pẹ̀lú, kí a sì fi èdè wa sọ ọ́.

Ìbéèrè mẹ́rin péré ni a ń fẹ́ kí gbogbo ará Ìgèdè, Adó, Ìtokí àti Bádágìrì lè bi ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé táǹkì tàbí ọ̀pá sí àárín wọn: Ìgbà wo ni ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́yìn? Ibo ni ẹ wọ̀n? Mélòó ni ó kù? Ta ni ó wọ̀n ọ́n, ta ni ó sì kọ́ ọ? Ẹni tí ó bá dáhùn ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a kí i kú iṣẹ́. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, kí ìlú má ṣe jẹ́ kí ó da epo sínú táǹkì náà títí yóò fi lè dáhùn.